Ẹ Má Jẹ́ Kí Bàtà Mi Hàn

Gbogbo fọ́tò tí mo yà ní Sísílì, erékùṣù ilẹ̀ Ítálì, láti ọjọ́ kejì lọ ló ní àbàwọ́n kan náà: àmì dúdú kékeré kan, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, lókè lápá ọ̀tún, níbi tí ojú ọ̀run máa ń wà. Ọkọ mi ní ẹyẹ ni. Mo ní ẹyẹ wo ni kì í kúrò lójú kan, tó sì bá wa rìn láti Catania dé Palermo? Eérú òkè oníná Etna ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi mú un wọ inú kámẹ́rà.

Inú oṣù kejì la lọ, torí pé owó ọkọ̀ òfúrufú láti Manchester kì í wọ́n lásìkò yẹn, àti torí pé mo ti gbọ́ pé ìgbà náà ni igi álímọ́ńdì máa ń yọ òdòdó ní Agrigento. Ẹni tó bá fẹ́ràn kámẹ́rà á tún mọ̀ pé oòrùn oṣù kejì dára ju ti oṣù kẹjọ lọ fún òkúta àtijọ́. Kì í gun òkè jù. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tàn wá, òjìji a gùn, gbogbo ìlà àti ihò tó wà lára òkúta a yọ síta. Oòrùn ọ̀sán gangan ìgbà ooru kì í ṣe òkúta lóore, ńṣe ló máa ń sọ ọ́ di pẹlẹbẹ bí àkàrà tí èèyàn jókòó lé. Ohun tí mi ò rò ni òtútù. Ọkọ mi rò ó ní tiẹ̀. Ó ra jákẹ́ẹ̀tì búlúù kan, èyí tó nípọn, tó ní fìlà lẹ́yìn ọrùn, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ òfúrufú mi. Ẹ fi jákẹ́ẹ̀tì yẹn sọ́kàn.

Catania dúdú. Kì í ṣe pé ó dọ̀tí o. Òkúta tí Etna bì jáde ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé ibẹ̀ nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó ìlú náà ní 1693. Ọdún mẹ́rìnlélógún ṣáájú ìyẹn, ní 1669, òkúta yíyọ́ ti ṣàn láti ara òkè náà wọ ìlú, ó yí ilé olódi tí wọ́n ń pè ní Castello Ursino ká. Etí òkun ni ọba Frederick Kejì kọ́ ọ sí ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Òkúta yíyọ́ náà wọnú omi, ó dì, ó sì ti òkun sẹ́yìn. Lónìí, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mọ́tò àti ilé ìjẹun ló máa rí. Mo yà á títí. Kò sí ọgbọ́n tí mo dá tí fọ́tò náà fi lè sọ pé òkun wà níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kejì a wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ sí Rifugio Sapienza, tó wà ní nǹkan bí 1,900 mítà lára Etna. Orí òkè náà fúnra rẹ̀ ju 3,300 mítà lọ, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kì í dúró lójú kan, torí bó ṣe ń bì ló ń ga, bó bá sì wó, á relẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bọ́ọ̀sì dúró sí ni ihò Silvestri wà, ẹnu òkè tó la ní 1892. Yìnyín bo ibẹ̀, eérú dúdú sì wà lórí yìnyín, bí ìgbà tí wọ́n da eérú ààrò sórí láfún.

Kámẹ́rà kò mọ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ funfun. Àwọn tó ṣe é ti kọ́ ọ pé ohun gbogbo láyé, tí a bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ló máa já sí. Tí ẹ bá kọ ojú rẹ̀ sí ilẹ̀ dúdú, á ní ìmọ́lẹ̀ kò tó, á bù kún un, dúdú á sì ṣá. Ẹ kọ ojú rẹ̀ sí yìnyín, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, funfun á sì di ìdọ̀tí. Ẹni tó mú un dání ló gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún un: dín in kù fún dúdú, bù kún un fún funfun. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìka mi ti kú, mi ò lè yí nǹkan kan mọ́, ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n sọ pé kí n kúkú pààrọ̀ lẹ́ńsì, bóyá èyí tó gbòòrò á ràn mí lọ́wọ́. Mo kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, mo tẹ̀ba mọ́ kámẹ́rà, mo ṣí i. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Eérú òkè oníná kì í ṣe ti igi tó jóná. Òkúta tó lọ̀ kúnná ni, ó ń họ nǹkan, kò sì wu èèyàn kó fi aṣọ nù ún. Ilé ìtura ni mo ti rí àmì yẹn lálẹ́, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, a dé Scala dei Turchi, ìyẹn Àtẹ̀gùn Àwọn Tọ́kì, nítorí ìtàn tó sọ pé ibẹ̀ làwọn ajalèlókun ń gbà gòkè wá jí èèyàn gbé. Àpáta funfun gbáú ni, tó sọ̀ kalẹ̀ wọ òkun ní ìpele-ìpele. Ẹfun ni mo pè é, ọkọ mi náà sì gbà. Wọ́n ti ṣe ọgbà dí ojú ọ̀nà, a ò lè gun orí rẹ̀, èyí tó dára, torí àpáta náà rọ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ń jẹ ẹ́. Ní oṣù kìíní 2022 àwọn kan da àtíkè pupa sí i lára lóru. Àwọn ará agbègbè ló jáde wá fọ̀ ọ́. Mo rántí pé mo ní láti bù kún ìmọ́lẹ̀, ẹfun sì jáde bí ẹfun. Àmì dúdú náà kò kúkú lọ. Lókè funfun yẹn ló tún wá hàn jù.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù la wọ Àfonífojì Àwọn Tẹ́ńpìlì ní Agrigento. Kì í ṣe àfonífojì rárá. Orí òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kọjú sí òkun ni. Àwọn Gíríìkì tó wá láti Gela ló tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí ọdún 580 kí a tó bí Jésù, Akragas ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú Jésù, owó ti wọlé, wọ́n sì ń kọ́ ilé òrìṣà jọ bí ẹni tí wọ́n ń bá díje. Igi álímọ́ńdì ti yọ òdòdó lóòótọ́, funfun tó ní pupa díẹ̀ nínú, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Mo ti rí i nínú fọ́tò tó ọgọ́rùn-ún kí n tó wá.

Ohun tí mi ò rí nínú fọ́tò kankan ni ohun tó wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì. Mo rò pé ojú ọ̀run àti igi ólífì nìkan ló wà níbẹ̀. Àṣé ìlú òde òní ló wà lókè lọ́hùn-ún, fúláàtì gogoro tò gbọọrọ, aṣọ sísá wà lójú fèrèsé. Wọ́n kọ́ wọn pọ̀ débi pé ní ọjọ́ 19 oṣù keje 1966, ilẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ apá kan ìlú náà. Gbogbo àwa tá a mú kámẹ́rà dání la ń lóṣòó, à ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, à ń tẹ̀ sósì, kí òpó kan lè bo fúláàtì kan. Mo ka àwọn tó lóṣòó lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́kànlá. Èmi ni ìkejìlá.

Àwọn òpó tá à ń yà gan-an ńkọ́? Òpó mẹ́rin kan wà tó wà lára gbogbo ohun tó bá ń polówó Agrigento, wọ́n ní tẹ́ńpìlì Castor àti Pollux, ìbejì inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ni. Mo ti yà á tó ogójì ìgbà kí n tó ka pátákó rẹ̀: àwọn èèyàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló ṣa òkúta oríṣiríṣi jọ, tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba, tí wọ́n sì tò ó dìde kó lè wu ojú. Ní ti tẹ́ńpìlì Heracles, òpó mẹ́jọ ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alexander Hardcastle, fi owó ara rẹ̀ gbé dìde ní àwọn ọdún 1920. Nínú ìwé kékeré tí mo fi ń kọ ìrìn-àjò mi, mo ti kọ “ahoro” sí orí ojú ìwé yẹn láti ilé. Mo fa igi lé e. Ahoro ni ibi tí èèyàn ti sá kúrò, tí igbó ti gbà á. Níbí, kò sígbà kan tí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kúrò lára òkúta wọ̀nyí.

Tẹ́ńpìlì Concordia ló ṣe kedere jù. Òpó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sí èyí tó ṣubú, láti nǹkan bí ọdún 430 ṣáájú Jésù. Ohun tó gbà á là ni pé bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Gregory sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì ní 597. Wọ́n mọ ògiri dí àárín òpó, wọ́n sì gbẹ́ ẹnu ọ̀nà mẹ́fà-mẹ́fà sára ògiri inú lọ́tùn-ún lósì. Ó ṣe ṣọ́ọ̀ṣì títí di ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí wọ́n tún wó ògiri wọ̀nyẹn kúrò kó lè padà jọ ti Gíríìkì. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sún mọ́ òkúta yẹn, ẹ ó rí ìkarahun òkun nínú rẹ̀, tí òmíì tóbi tó èékánná. Aláwọ̀ oyin ni báyìí, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n rẹ́ ẹ ní funfun nígbà ayé rẹ̀, tí wọ́n kùn ún ní pupa àti búlúù. Àwọ̀ tí gbogbo wa wá yà, àwọ̀ ilé tí rírẹ́ rẹ̀ ti já ni.

Ibẹ̀ ni èmi àti ọkọ mi tún ti ń jiyàn lórí ẹyẹ.

“Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ẹ wò ó dáadáa, ó ní ìyẹ́.” Ó máa ń fi “ẹ̀yin” bá mi sọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín.

“Ẹ kú ìrìn o, mà. Ẹ kú ìrìn, sà.”

Ọmọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn wa, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì, irú èyí tá a máa ń ṣe tí òyìnbó bá pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ Ṣakí ni. Ọdún mẹ́rin ló ti lò lágbègbè yẹn, ọsàn ló ń já ní ọ̀nà Ribera, ọsàn ibẹ̀ lókìkí, inú oṣù kejì sì ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀. Kò wọ ibí rí. Ó ní owó tíkẹ́ẹ̀tì á ra oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, òun sì ti pinnu látọjọ́ tó ti pẹ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi ya ọ̀kan? Màmá mi ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.”

Mo ní kó bọ́ síwájú. Mo lóṣòó bí mo ṣe ń lóṣòó láti àárọ̀, mo gbé orí rẹ̀ sáàárín òpó méjì, mo fi ìkẹta bo àwọn fúláàtì. Mo yà á, mo fi hàn án. Ó wò ó títí.

“Ó dáa gan-an, mà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí bàtà mi hàn.”

Ìgbà yẹn ni mo tó wo bàtà náà. Bàtà iṣẹ́ ni, ẹrẹ̀ ọgbà ọsàn ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ti ẹsẹ̀ òsì kò ní okùn mọ́, okùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń di àpótí ọsàn ló fà wọ ojú ihò rẹ̀, ó sì dì í dáadáa, ìdì méjì.

“Àti àwọn ilé tó wà lẹ́yìn yẹn, mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀.”

“Fúláàtì wọ̀nyẹn?”

“Ẹ̀ẹ́n. Kí màmá lè rí i pé ìgboro ni mo wà. Èyí tí ẹ yà yìí, á dà bíi pé inú oko ni.”

Mo dìde lórí ìlóṣòó. Orúnkún mi dún.

Lẹ́yìn náà ló wo ọkọ mi, ó wo ilẹ̀, ó tún wo ọkọ mi. “Bọ̀ọ́dá, ẹ má bínú sí mi o. Jákẹ́ẹ̀tì yín yẹn. Ìṣẹ́jú kan péré.” Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò bá fún un lẹ́sẹ̀, á ṣo ó. Kí n má purọ́, jákẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn yẹ ọmọ náà ju ẹni tó rà á lọ. Ó fa èjìká sẹ́yìn, ó ki ọwọ́ kan bọ àpò, kò rẹ́rìn-ín, ó wo kámẹ́rà bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò rẹ̀. Mo yà á láti orúnkún sókè. Tẹ́ńpìlì wà lápá òsì, fúláàtì wà lápá ọ̀tún, àmì Etna wà lókè wọn. Fọ́tò náà kò sí lójú ewé yìí, ẹ má wá a. Tiẹ̀ ni.

A bá a rìn lọ sísàlẹ̀, síbi tẹ́ńpìlì Zeus. Òkìtì òkúta lásán ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ogun Himera, ní 480 ṣáájú Jésù, tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn ará Carthage, ó sì ju 110 mítà lọ ní gígùn. Wọn ò tíì parí rẹ̀ nígbà tí àwọn ará Carthage padà wá ní 406 tí wọ́n kó ìlú. Òmìrán òkúta kan nà gbalaja síbẹ̀, ó ju mítà méje lọ, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn orí bí ẹni tó ń sinmi. Ẹ̀dà ni o, ojúlówó rẹ̀ wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo ń yà á lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ Ṣakí na àgbọ̀n sí ìsàlẹ̀, síbi tí èbúté kan ti ń dán létí òkun.

“Porto Empedocle nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ já wa sí láti Lampedusa.”

Lampedusa ni erékùṣù kékeré tí ọ̀pọ̀ àwọn tó gba orí òkun láti Áfíríkà máa ń kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì béèrè. Mo wá sọ ohun tí mo ti kà fún un, torí pé mi ò mọ ohun míì tí mo lè sọ: pé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, òkúta ilé Zeus yìí ni wọ́n kó lọ fi ṣe èbúté àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ku nǹkan kan fún wa láti yà.

Ó wo òkìtì náà, ó wo òkun. “Ṣé ilé òrìṣà ni mo fi bàtà tẹ̀ kí n tó wọ ìlú wọn?” Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, èyí tí mi ò rí yà torí kámẹ́rà ti wà nínú àpò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a wà ní Segesta, nítòsí Palermo. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ibi tá a dé. Tẹ́ńpìlì kan ṣoṣo ló dá dúró lórí òkè, koríko tútù yí i ká, àwọn àgùntàn ń jẹ lọ lábẹ́ rẹ̀. Òpó mẹ́rìndínlógójì ló ní, gbogbo wọn dúró, ṣùgbọ́n wọn ò parí rẹ̀ rí. Ẹ fọwọ́ kan òpó, ó mọ́ roboto. Kò ní ìlà tí wọ́n máa ń gbẹ́ sí i lára. Lára òkúta ìsàlẹ̀, kókó kékeré ṣì yọ síta, tó ìkúùkù ọmọdé, èyí tí wọ́n fi ń so okùn tí wọ́n bá fẹ́ gbé òkúta, tí wọ́n sì máa ń gbẹ́ kúrò tí iṣẹ́ bá parí. Wọn ò gbẹ́ ẹ. Kò sí yàrá nínú rẹ̀, kò ní òrùlé rí. Mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ kókó kan títí tí kò fi sí ohun míì nínú fọ́tò. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú àáké oníṣẹ́ ṣì hàn lára rẹ̀. Nínú fọ́tò 1,300 tí mo kó wálé, òun nìkan ni mo tẹ̀ sórí pépà, torí kò sí ojú ọ̀run nínú rẹ̀, àmì Etna sì sọnù sínú òjìji.

Àwọn ará Segesta kì í ṣe Gíríìkì. Elymi ni wọ́n, wọ́n sì ń bá Selinunte, ìlú Gíríìkì kan ní Sísílì, jà. Wọ́n fẹ́ kí Athens wá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn á san owó ogun. Athens rán àwọn aṣojú wá wò ó bóyá owó wà lóòótọ́. Thucydides, òpìtàn Gíríìkì, ló sọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n kó ife wúrà àti ti fàdákà ìlú wọn jọ, wọ́n yá sí i láti àwọn ìlú tó wà nítòsí. Ilé tí àwọn àlejò bá ti jẹun lónìí, ife wọ̀nyẹn kan náà ni wọ́n á gbé lọ sí ilé tí wọ́n ti máa jẹun lọ́la. Àwọn aṣojú náà padà sílé, wọ́n ní gbogbo ilé ní Segesta ló kún fún wúrà. Ní 415 ṣáájú Jésù, ọkọ̀ ogun Athens dé. Tálẹ́ńtì 30 péré, ìwọ̀n owó ayé ìgbà náà, ló wà nílẹ̀. Ogun Sísílì yẹn ló pa Athens lára ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i lọ.

Mo ń ka ìtàn yìí sétí ọkọ mi nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọ Ṣakí ni. Ó ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé, ó wá fi ohùn ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa kí àwa náà lè gbọ́. Ẹ̀rín tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ìyá wá bọ́ sí i, adìyẹ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí wa, ó gbàdúrà fún wa, fún ọmọ wa, fún kámẹ́rà náà pàápàá. Ó ní ọmọ òun ti sanra. Ó ní ta ló ni ilé olópòó yẹn tí wọ́n fi sílẹ̀ láìkan páànù, ṣé owó ló tán lọ́wọ́ onílé ni, àbí ẹjọ́ ilẹ̀? Ó ní jákẹ́ẹ̀tì yẹn dára púpọ̀. Kó jọ̀ọ́ kó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé, torí ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ yẹn náà ti ga báyìí, wọ́n á jọ lè máa wọ̀ ọ́.

Mo yíjú wo ọkọ mi. Ó fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì náà dé abẹ́ àgbọ̀n, ó ní ká máa sáré lọ wo tíátà tó wà lókè, kí bọ́ọ̀sì tó fi wá sílẹ̀.